Ẹ̀kọ́ Inú Ewé

Obìnrin méjì ni ohùn wọn máa ń jí wa nínú ilé tí a gbé ní Sango. Àkọ́kọ́ ni Ìyá Ẹlẹ́kọ, onílé wa, tí wọ́n máa ń ro ògì nínú ìkòkò ńlá ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n á sì máa bá iná wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí: “Ṣé o fẹ́ kú ni? Mo ní o ò gbọdọ̀ kú o!” Èkejì ni màmá mi, tí wọ́n máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì sókè nínú yàrá wa kí wọ́n tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ ń ṣe ẹ̀kọ, màmá mi ń ṣe ẹ̀kọ́. Àwọn ayálégbé yòókù a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú ilé tiwa, ẹni tí ebi bá ń pa ní ikùn á yà sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ebi bá ń pa ní orí á kan ilẹ̀kùn màmá Ràfíátù. Èmi ni Ràfíátù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́dún náà ni, ẹnu mi gbóná, ẹsẹ̀ mi yá, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹnu yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ wa, ọwọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé náà, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là wọ́n láàárín. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ní mọ́sáláásí iwájú ilé, ìjọ tó wà lẹ́yìn wa á bẹ̀rẹ̀ orin tiwọn, bí àwọn náà bá sì dákẹ́, fèrè ilé iṣẹ́ bísíkíìtì á ké. Fèrè yẹn ni aago àdúgbò. Ó ń pe àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́, ó ń tú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú sílẹ̀, òórùn mílíìkì àti ṣúgà tó jó díẹ̀ á sì gba gbogbo ojú pópó kan. Àlejò a máa ní òórùn náà dára. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀, ó ti sú wa débi pé bí ẹ bá fún wa ní bísíkíìtì, ẹja yíyan la ó béèrè lọ́wọ́ yín. Bísíkíìtì tó ti fọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kó wálé nínú ọ̀rá, ni a kọ́kọ́ ń jẹ láàárọ̀ nígbà tí màmá mi ṣì wà níbẹ̀. A ó da omi gbígbóná lé e, a ó fi ṣíbí rò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ni a wá di ọmọ ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá Ẹlẹ́kọ a máa gbé ẹ̀kọ méjì lé ẹnu ọ̀nà wa ní òròòwúrọ̀, èènì ni, kò sí nínú ohun tí a rà. A ó fi jẹ àkàrà, a ó sì jáde lọ pẹ̀lú òógùn níwájú orí.

Ọdún méje ni màmá mi fi dúró nínú ilé iṣẹ́ bísíkíìtì náà. Ìdúró gan-an ni mò ń wí o, nítorí kò sí àga nídìí ẹ̀rọ. Bísíkíìtì á máa ṣàn bọ̀ wá bí omi àgbàrá, wọ́n á máa ṣa èyí tó fọ́ sọ́tọ̀, bí ọwọ́ wọn bá dúró, ọ̀gá ibẹ̀ á pariwo mọ́ wọn ní Pìjìn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ wọ́n á tún gbé báàgì lọ kàwé olùkọ́, ẹsẹ̀ wọn á ti wú, wọ́n á máa fi bàtà sálúbàtà rìn wọ kíláàsì. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí jáde tí ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan gbà wọ́n láti kọ́ Ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì, bàbá mi ra àga onítìmùtìmù kan fún wọn. Tírélà ni bàbá mi ń wà lọ sí òkè Ọya, a kì í rí wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n gbé àga náà kalẹ̀ láàárín yàrá, wọ́n ní, “Jókòó. O ti dúró tó.” Màmá mi jókòó, wọ́n bú sẹ́kún. Èmi rò pé àga náà ló ní ìṣó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì di tiwọn. Sáà kan péré ni Ọ̀gá, obìnrin tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, fi dán wọn wò. Ọ̀gá sọ fún màmá mi pé olùbẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ kí sáà tó parí. Bí iṣẹ́ wọn bá tẹ́ olùbẹ̀wò lọ́rùn, kí wọ́n máa bá a lọ, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀gá kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Màmá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti dúró nídìí ẹ̀rọ rí, nítorí àwọn olùkọ́ yòókù a máa fi àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣẹ̀sín nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ilé iṣẹ́ náà sì rèé, ẹ ó rí i kedere láti ojú fèrèsé kíláàsì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ lábẹ́ èéfín ibi tí wọn kò fẹ́ padà sí.

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ pa wọ́n ni lẹ́sìn nóòtù. Ẹni tí kò bá ṣe olùkọ́ rí lè má mọ ìyà tó wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ ohun gbogbo tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ sínú ìwé kan kí ó tó kọ́ wọn: àkòrí, ìdí tó fi ń kọ́ ọ, ohun tí olùkọ́ máa ṣe, ohun tí ọmọ máa ṣe, ìbéèrè ìparí. Kíláàsì mẹ́fà ni wọ́n ń kọ́, ní iṣẹ́ méjì. Ọjọ́ Ajé ni Ọ̀gá máa ń fi bírò pupa bu ọwọ́ lù ú, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sì pé, wọn á pe orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo olùkọ́. Màmá mi á jókòó sórí àga wọn lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á kọ, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un kọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú eruku, nítorí náà èmi ni mo ń bá wọn kọ ọ́ sínú ìwé gidi. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, màá fọ ewé fún Ìyá Ẹlẹ́kọ, iwájú àti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni màá nu ọwọ́ mi, màá fi rúlà fa ìlà, màá di akọ̀wé.

Olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún màmá mi pé wàhálà yìí ti pọ̀ jù, pé ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, wọ́n ń ta lẹ́sìn tí ẹnìkan ti kọ sílẹ̀ fún odindi sáà. Kí olùkọ́ ṣáà dà á kọ ni. Ọjọ́ tí màmá mi gbé e wálé, ó wà nínú ọ̀rá dúdú, ó ki, ó wúwo, wọ́n fi rọ́bà dì í. N kò tíì rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìwé ẹ̀rí wọn jáde. Ayọ̀ gbé mi, mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti ròyìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ń ké lọ́wọ́, Ìyá Ẹlẹ́kọ sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ti jẹ etí wọn ọ̀tún. Mo fi gbogbo agbára pariwo: “Ìyá! Màmá mi ti ra ẹ̀kọ́ bọ̀ láti gáréèjì! Wọ́n ti ṣe é sílẹ̀, ó máa tó wa títí sáà á fi parí!” Ìyá Ẹlẹ́kọ wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n sì yíjú padà sí àgbàdo wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá mi kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn láti inú imú. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, màmá mi lọ bá wọn nídìí ìkòkò, mo tẹ̀ lé wọn.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kọ ìta ló dùn.”

“Ẹ̀kọ wo, Ìyá?”

“Èyí tí o rà sílẹ̀ ní gáréèjì ni mò ń wí. Ẹ̀kọ tó máa wà títí sáà á fi parí tí kò ní kan! Ṣé irin ni wọ́n fi ṣe é ni? Èmi tí mo jókòó sínú ilé, tí mò ń fún ọmọ rẹ jẹ, n kò mọ ẹ̀kọ ṣe mọ́?”

Màmá mi wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé wọn ṣubú sórí àpótí ìjókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì rán mi wọlé láti lọ gbé ọ̀rá dúdú náà wá. Ìyá Ẹlẹ́kọ yẹ̀ ẹ́ wò. “Ìwé ni?” “Ìwé ni, Ìyá. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀kọ. Ọmọ yìí ló ń pariwo lórí ẹ̀rọ.” Ìyá náà wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín tiwọn, wọ́n fi ewé tútù gbá mi lórí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ẹnu mi máa tú ìlú kan lọ́jọ́ kan. Gbogbo ilé gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ayálégbé fi ń bi mí bóyá a ti fi ìwé jẹ àkàrà.

Ẹ̀rín náà parí tán kí Ìyá Ẹlẹ́kọ tó béèrè ohun tí n kò gbàgbé títí di òní. Wọ́n fi ìka tó ti bó nítorí omi gbígbóná kan ìwé náà, wọ́n ní, “Ta ló wé e?” Màmá mi ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá ní, “Kò burú. Èèyàn máa ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n yóò tú ewé rẹ̀ wò kí ó tó gbé e sẹ́nu ọmọ. Nígbà mìíràn iyanrìn máa ń wà níbẹ̀.” Màmá mi ní, “Ẹ ṣé, Ìyá,” bí a ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà tí a kò ní gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá náà ti sọ ọ́ di àṣà. Bí mo bá ń fọ ewé lọ́wọ́, tí màmá mi jókòó nítòsí, wọ́n á béèrè pé, “Kí lo fẹ́ kọ́ wọn lọ́la?” Màmá mi á ka díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá náà á ní, “Sọ ọ́ ní tiwa.” Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, ìyá náà á fi tiwọn kún un. Ọmọ Ọ̀tà gidi ni Ìyá Ẹlẹ́kọ, Àwórì pọ́nńbélé, a sì rò pé ìtàn àwo tó rì lójú omi, tó fi ibi tí Àwórì máa tẹ̀dó hàn, ni wọ́n á máa sọ fún wa. Wọ́n ní ìyẹn, ti àwọn ọba ni. Tiwọn ni ti ewé. Ibi tí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì wà yẹn, wọ́n ní igbó ewé ni, òjìji bò ó, ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Ìyá wọn ló mú wọn débẹ̀ kí wọ́n tó ní eyín tuntun. Àwọn ẹlẹ́kọ a máa ti abúlé Alápòtí wá já ewé níbẹ̀, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ jà. Lọ́jọ́ kan àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n sì mọ odi yí i ká. “Láti ìgbà náà,” ni ìyá náà wí, “owó ni mo fi ń ra ewé.” N kò mọ̀ pé ìtàn ni. Mo rò pé àgbàlagbà kàn ń ráhùn ni.

A dé orí lẹ́sìn ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìdí tí àwọn èèyàn fi ń tẹ̀dó síbì kan. Mo rántí bí mo ṣe ń dà á kọ, ọ̀rọ̀ ní dúdú, àkòrí ní pupa. Ẹni tó kọ ọ́ kọ́kọ́ sọ pé kí olùkọ́ kí àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí olùkọ́ na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, kí ó fi òkun han àwọn ọmọ, kí ó ṣàlàyé pé òkun yìí ló mú kí àwọn baba ńlá wa dúró síbí. Bírò mi dúró. N kò rí òkun rí láyé mi. Omi tí mo mọ̀ kò ju kànga wa àti odò tó gba Ìjù kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, èmi sì gbà nígbà náà pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé, ibì kan ni yóò wà. Mo kọ òkun náà síbẹ̀ dáadáa, mo tún fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí màmá mi fẹ́ kọ́ lẹ́sìn yẹn ni olùbẹ̀wò dé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni èmi náà ń lọ, pátákó pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi pín kíláàsì níyà, bí wọ́n bá húkọ́ níbẹ̀, a ó gbọ́ ọ níhìn-ín. Mo gbọ́ tí Ọ̀gá ń kí bàbá olùbẹ̀wò káàbọ̀ sínú kíláàsì tí màmá mi wà. Mo gbọ́ ohùn màmá mi, ó tinrín. Ẹ̀rù ti bà wọ́n débi pé wọ́n gbé ojú lé nóòtù, wọ́n ń kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ohun tí olùkọ́ máa sọ àti ohun tí olùkọ́ máa ṣe. Wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí gbogbo ọmọ wo ojú fèrèsé, kí wọ́n wo òkun tó mú kí àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó síbí. Mo gbọ́ tí bẹ́ńṣì ń dún kẹ̀ẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ dìde lóòótọ́, wọ́n lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń wá òkun. Ọmọbìnrin kan wá fi ohùn ìbànújẹ́ sọ pé, “Mà, a ò rí òkun kankan o. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì la rí.”

Kíláàsì náà bú sẹ́rìn-ín, tiwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn pátákó, àyàfi èmi. Ọwọ́ mi ni mò ń wò. Mo rí ìyá mi lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ fún ọdún méje mìíràn, mo rí ẹsẹ̀ wọn nínú sálúbàtà, mo sì mọ̀ pé ìka mi wọ̀nyí ló tì wọ́n padà síbẹ̀. Mo fẹ́ kígbe láti ìhà tiwa pé èmi ni, èmi ni mo kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró ìwé tí wọ́n pa dé. Ohùn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohùn tinrín yẹn mọ́, ohùn ẹ̀yìnkùlé wa ni. Yorùbá ni wọ́n sì sọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń jẹ ọmọ níyà bó bá sọ Yorùbá. Wọ́n ní, “Òótọ́ lẹ sọ. Òkun kò sí. Kí ló wà níbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ yẹn tó dé?” Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, “Ewé ni.” Wọ́n ní ìyá kan nínú ilé wa ló sọ ọ́ fún àwọn, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀: igbó tó tutù, ọmọbìnrin kékeré àti ìyá rẹ̀, àwọn ẹlẹ́kọ láti Alápòtí, àwọn ọkùnrin tó mú okùn àti èèkàn dání. Wọ́n ní kí ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ èyíkéyìí ní Sango àti Ọ̀tà na ọwọ́ sókè, mo sì gbọ́ bí aṣọ ṣe ń dún. Wọ́n ní, “Ẹ wo ọwọ́ yín. Ìdí tí èèyàn fi ń tẹ̀dó síbì kan nìyẹn. Ewé ló mú àwọn kan dúró síbí, iṣẹ́ ló mú àwọn mìíràn wá. Èmi náà wà nínú wọn. Ọdún méje ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń wò yẹn, mò ń ṣa bísíkíìtì tó fọ́.” Wọ́n wá yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ ìdí márùn-ún sójú pátákó, ìbéèrè ìparí sì tẹ̀ lé e. Bàbá olùbẹ̀wò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn kíláàsì: “Kí ni orúkọ ìyá tó sọ ìtàn yìí fún yín?” Màmá mi ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Olùbẹ̀wò ní kí wọ́n gbé lẹ́sìn nóòtù wọn fún òun, ó sì gbé e lọ.

Nígbà tí a délé, màmá mi jókòó sórí àga wọn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, wọn kò bọ́ híjáàbù. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo kọ òkun.” Wọ́n ní, “Ìwọ lo kọ ọ́. Èmi ni mo kà á. Àwa méjèèjì la kò tú ewé wò.” Wọ́n fà mí dìde, wọ́n lẹ orí mi mọ́ àyà, mo sì sunkún tó pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ. Ẹ̀yìn èyí ni a lọ sí ẹ̀yìnkùlé, màmá mi sì béèrè orúkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ wọn. Ìyá náà dá orógùn dúró. “Sàfúrátù ni,” ni wọ́n wí. “Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè.” Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bá wa ṣe háà, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná mẹ́rin lé wa lọ́wọ́. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta ìwé àti ẹni tó kọ ọ́. Ìyá Sàfúrátù ní, “Ó tó. Ká jẹ ẹ̀kọ, ká dárí ji ewé.”

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi dúró. Màmá mi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, Ọ̀gá kò bá wọn sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ, fèrè ilé iṣẹ́ sì ń ké bíi pé ó ń pe orúkọ wọn. Ọjọ́ kejìlá ni Ọ̀gá na lẹ́sìn nóòtù náà sí wọn. Olùbẹ̀wò ti fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ òkun mi. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: ẹni tó kọ nóòtù yìí kò mọ Sango, ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí mọ̀ ọ́n, kí ẹnì kejì máa kọ nóòtù fún ara rẹ̀. Ọ̀gá ní kí màmá mi máa bọ̀ ní sáà tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ Yorùbá ní kíláàsì mọ́. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Wọ́n kọ́ ọmọ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n sì sọ Yorùbá nígbàkigbà tó bá wù wọ́n.

Mo ti dàgbà ju bí màmá mi ṣe wà lọ́dún náà. Ìyá Sàfúrátù ti lọ, kí Ọlọ́run fi àljánnà kẹ́ wọn. Ó pẹ́ kí n tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kẹta nínú ọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ tí a kò mọ̀, tó kọ ìwé inú ọ̀rá dúdú. Àwọn lẹ́sìn rẹ̀ dára. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi bá wa gbé ẹrù, ọ̀pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ lónìí, inú dída ìwé rẹ̀ kọ ni mo ti rí i. Òkun wà lójú fèrèsé tirẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa ni a kò wo tiwa. Nígbà tí mo bá rántí pé ojú-ewé ni Yorùbá ń pe ojú ìwé, ẹ̀rín máa ń pa mí, mo sì máa ń dárí ji ewé náà, mo máa ń dárí ji ọmọ tó dà á kọ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí ni iṣẹ́ olùkọ́ etí òkun yẹn. Lẹ́sìn Ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ sílẹ̀, mo sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn olùkọ́, nítorí mo mọ ohun tí kíláàsì mẹ́fà ń fi ojú èèyàn rí. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni olùkọ́ tó ń lò ó. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń ṣe tí àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́: nínú lẹ́sìn kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ibì kan sílẹ̀ lófìfo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan pè mí láti Igbesa. Màmá mi jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ti yí tìmùtìmù rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí mo gbé ohùn fóònù sókè.

“Àǹtí Ràfíátù, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́sìn tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn, nǹkan kan já níbẹ̀. Ẹ gbàgbé ni?”

“N kò gbàgbé. Kí lẹ rí lójú fèrèsé kíláàsì yín?”

“Fèrèsé kẹ̀, mà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó.”

Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, mo gbọ́ ìró fèrèsé tó ń ké. Ó ní, “Wọ́n ń mọ odi ilé iṣẹ́ tuntun kan, mà. Igbó ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, wọ́n ń já ewé.”

Màmá mi ló nà mọ́ mi láti orí àga, wọ́n ní, “Sọ fún un kó yára jáde, kó lọ béèrè orúkọ wọn.”